Bí ẹ ṣe lè mọ géèmù inú sinimá àtijọ́ tó máa dáa kí ẹ tó náwó lé e

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn Indiana Jones, James Bond, Jurassic Park, King Kong àti àwọn sinimá àtijọ́ tí èèyàn ti ń wá ìṣúra kiri, tó ń sá fún ẹranko ńlá, tó ń já bọ́ láti orí afárá, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Géèmù tó dá lórí àwọn sinimá yìí ti ń padà bọ̀ báyìí, kì í sì í ṣe àwọn pẹ́pẹ̀pẹ́ tí wọ́n máa ń sáré ṣe láyé ọjọ́un, àwọn ńlá ni o, tí èèyàn máa ná owó gidi lé, tó máa jẹ dátà, tó máa gbàyè lórí kọ̀ǹpútà. Torí ẹ̀ ló ṣe yẹ kéèyàn mọ èyí tó máa dáa àti èyí tó yẹ kó fi sílẹ̀ kówó tó kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Bí mo ṣe ń yẹ̀ wọ́n wò ni mo fẹ́ kọ síbí, láti ìgbà tí wọ́n bá ti kéde ẹ̀ títí dé bí mo ṣe ń gbá a. Ohun tí mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn ni pé irú géèmù yìí máa ń dáa tí wọ́n bá fún àwọn tó ń ṣe é lásìkò tó pọ̀, tí wọ́n sì gbà wọ́n láyè kí wọ́n sọ ìtàn tiwọn. Tí méjèèjì ò bá sí, orúkọ sinimá yẹn ò lè gbà á là.

Ẹ kọ́kọ́ wo iye àsìkò tí wọ́n fún wọn

Ibí ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ti kéde géèmù kan, ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀, ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n ní ó máa jáde, kí ẹ wá wo ohun tó wà láàárín. Tó bá jẹ́ pé àsìkò yẹn kéré, tó tún wá jẹ́ pé ọjọ́ tí sinimá tuntun máa jáde ni wọ́n fẹ́ kóun náà jáde, ẹ rọra ṣe o.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1982. Howard Scott Warshaw ṣe géèmù Raiders of the Lost Ark, sinimá Indiana Jones àkọ́kọ́, fún Atari 2600, ẹ̀rọ géèmù ayé ọjọ́un. Géèmù yẹn le, joystick méjì lèèyàn máa lò, ọ̀kan láti fi rìn, ìkejì láti fi mú ẹrù inú àpò, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú ẹ̀, ó yàtọ̀ sí gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀rọ yẹn nígbà náà. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n tún ní kó ṣe géèmù sinimá E.T., wọ́n sì fẹ́ kó jáde kí Kérésìmesì tó dé, bó ṣe di pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ló ní nìyẹn. Ìyẹn dà bí ìgbà téèyàn gbé aṣọ ọdún lọ fún télọ̀ ní àìsùn ọdún. Wọ́n ṣe é jáde rẹpẹtẹ, ọ̀pọ̀ ò tà, nígbà tó di 1983 Atari kó àwọn ẹrù tí ò tà lọ sí ààtàn kan ní Alamogordo ní New Mexico, wọ́n bò wọ́n mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sì rò pé àhesọ ni títí wọ́n fi hú wọn jáde ní April 2014. Ọkùnrin kan náà ló ṣe géèmù méjèèjì o, nínú ọdún kan náà, nítorí náà kì í ṣe pé kò mọṣẹ́, àsìkò ni wọn ò fún un.

Ẹ wá fi wé GoldenEye 007 tí Rare ṣe fún Nintendo 64. Sinimá jáde ní 1995, géèmù ò jáde títí di August 1997, nígbà yẹn ariwo sinimá ti rọlẹ̀ pátápátá, síbẹ̀ ó tà ju mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ, títí dòní làwọn èèyàn ṣì ń sọ nípa bí àwa mẹ́rin ṣe máa jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ká máa yìnbọn lu ara wa. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́, wọ́n fẹ̀sọ̀ mú un.

King Kong náà fi hàn, àmọ́ ọ̀rọ̀ tiẹ̀ rí bákan. Lọ́dún 2005, Michel Ancel àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Ubisoft ṣe géèmù King Kong, ó bá sinimá Peter Jackson jáde lásìkò kan náà, ó sì dáa gan-an, nítorí náà ẹ má sọ pé gbogbo èyí tó bá bá sinimá jáde ló ti bà jẹ́. Àmọ́ nígbà tó di 2023, wọ́n gbé Skull Island: Rise of Kong jáde, nǹkan bí ọdún kan làwọn tó ṣe é rí lò, ẹni tó bá ti wo fídíò ẹ̀ níṣẹ̀ẹ́jú kan péré ti rí i pé iṣẹ́ ò tíì parí. Àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ló ń dùn mí jù, torí orí wọn ni gbogbo èébú ọ̀hún dà lé, nígbà tó jẹ́ pé ẹlòmíì ló dá ọjọ́ fún wọn.

Indiana Jones and the Great Circle ńkọ́? January 2021 ni wọ́n ṣe fídíò kékeré kan láti fi kéde ẹ̀, December 9, 2024 ló tó jáde. James Bond tuntun, 007 First Light, November 2020 ni IO Interactive ti ní àwọn ń ṣe é, wọ́n tún sún ọjọ́ ẹ̀ láti March sí May 2026. Tí wọ́n bá sún ọjọ́ géèmù tẹ́ ẹ ń retí síwájú, ẹ má bínú rárá, èmi máa ń dúpẹ́ ni.

Ẹ wo ẹni tó ń ṣe é, kì í ṣe orúkọ sinimá nìkan

Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Wọ́n á rí àkẹtẹ̀ Indiana Jones, wọ́n á rí dáínósọ̀, inú wọn á dùn, wọn ò ní wo orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń kọ géèmù náà. Ẹ lọ wo géèmù mẹ́ta tí wọ́n ṣe gbẹ̀yìn, ẹ wo fídíò níbi tí èèyàn ti ń gbá wọn, kí ẹ wá bi ara yín léèrè pé ohun táwọn èèyàn yìí mọ̀ ọ́n ṣe, ṣé ó jọ ohun tí ẹni inú sinimá yẹn máa ń ṣe?

Ẹ jẹ́ n fi MachineGames ṣàlàyé. Uppsala ní Sweden ni wọ́n wà, 2009 ni wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn tó dá a sílẹ̀ sì kúrò ní Starbreeze wá ni. Starbreeze ló ṣe The Chronicles of Riddick: Escape from Butcher Bay ní 2004, ìyẹn náà dá lórí sinimá àmọ́ kò tún ìtàn inú sinimá sọ, inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ti ṣẹlẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ lèèyàn ń jù, èèyàn sì ń fi ojú ara ẹ̀ gan-an wo gbogbo ẹ̀ bí ẹni pé òun ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, MachineGames ṣe Wolfenstein: The New Order ní 2014 àti The New Colossus ní 2017, tí iṣẹ́ èèyàn nínú ẹ̀ ò ju kó máa na àwọn Nazi lọ. Ẹni tó mọ ẹ̀ṣẹ́ jù, tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ́ wọ ibi tí wọ́n ń ṣọ́, tó mọ Nazi bí ẹni mowó, ta ló tún yẹ kí wọ́n gbé Indiana Jones fún? Nígbà tí wọ́n kéde pé ojú Indy gan-an lèèyàn á máa fi wo géèmù náà, ọ̀pọ̀ èèyàn pariwo pé àwọn fẹ́ máa rí àkẹtẹ̀ ẹ̀ látẹ̀yìn, àmọ́ ẹni tó bá ti mọ ìtàn ilé iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ibi tí agbára wọn wà nìyẹn.

Bákan náà ni IO Interactive ní Denmark, àwọn ló ni Hitman, wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ bí èèyàn ṣe ń pààrọ̀ aṣọ wọ ibi àríyá àwọn olówó, kó ṣe bí ẹni tí wọ́n pè. James Bond nìyẹn, kí ló kù?

Teyon ní Poland ni mo fẹ́ràn ìtàn ẹ̀ jù. Ní 2014 wọ́n ṣe géèmù Rambo kan táwọn èèyàn bú gan-an. Wọ́n padà wá ní 2019 pẹ̀lú Terminator: Resistance, ó sàn jùyẹn lọ, nígbà tó wá di 2023 wọ́n gbé RoboCop: Rogue City jáde, Peter Weller tó ṣe RoboCop nínú sinimá àkọ́kọ́ ló tún fi ohùn ẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀. Wọn ò lówó bí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, àmọ́ ẹ̀ẹ́ rí i pé wọ́n fẹ́ràn sinimá yẹn, ọkọ̀, ọ́fíìsì ọlọ́pàá, bí RoboCop ṣe ń rìn wúwo, gbogbo ẹ̀ pé. Nítorí náà tí ilé iṣẹ́ kan bá ti ṣe ohun tí ò dáa rí, ẹ má fi ìyẹn nìkan dá wọn lẹ́jọ́, ẹ wò ó bóyá wọ́n ń gòkè tàbí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni àṣẹ sinimá náà ṣe pàtàkì. Disney ra Lucasfilm ní 2012 ní bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là àti díẹ̀, nígbà tó di April 2013 wọ́n ti LucasArts pa, ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣe géèmù Indiana Jones àti Star Wars tipẹ́. Géèmù Star Wars ńlá wá bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo fún ọdún gbọọrọ. January 2021 ni wọ́n tún gbé orúkọ Lucasfilm Games dìde, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín iṣẹ́ fún oríṣiríṣi ilé iṣẹ́, lójú tèmi ibẹ̀ ni ìlẹ̀kùn ti ṣí. Tí àṣẹ bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, kò sẹ́ni tó máa bá a díje.

Ìtàn tuntun ni kí ẹ máa wá

Ẹ bi ara yín pé níbo ni ìtàn géèmù yìí wọlé sí láàárín àwọn sinimá. Tí ìdáhùn bá jẹ́ pé ohun tẹ́ ẹ ti wò nínú sinimá náà lẹ tún fẹ́ gbá, kò burú o, àmọ́ ẹ ti mọ ibi tó máa parí sí.

Àpẹẹrẹ tó dáa jù lọ ni Indiana Jones and the Fate of Atlantis, 1992, tí Hal Barwood darí. Kò sí sinimá kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n dìídì dá ìtàn ẹ̀ sílẹ̀ fún géèmù ni, tó bá dé àárín wọ́n á bi yín bóyá ẹ fẹ́ bá Sophia Hapgood rìn, àbí ẹ fẹ́ dá lọ kí ẹ máa lo ọpọlọ, àbí ẹ fẹ́ máa lo ẹ̀ṣẹ́, ọ̀nà mẹ́ta ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àdììtú tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwa tá a fẹ́ràn Indy gbà pé ìtàn yẹn dáa tó sinimá, èmi gan-an gbà bẹ́ẹ̀.

Alien: Isolation tó jáde ní 2014 náà ṣe irú ẹ̀. Kò tún ìtàn Ripley, obìnrin inú sinimá Alien, sọ, Amanda ọmọ ẹ̀ ló tẹ̀ lé, ọdún 15 lẹ́yìn sinimá àkọ́kọ́, ọmọ náà ń wá ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá ẹ̀. Great Circle bọ́ sí 1937, àárín Raiders of the Lost Ark àti The Last Crusade, ìyẹn ni wọ́n fi lè fún Indy ní ọ̀tá tuntun àti Gina Lombardi, obìnrin oníròyìn ará Ítálì kan, láìba nǹkan kan jẹ́ nínú sinimá. Jurassic Park: Survival tí Saber Interactive kéde ní December 2023, ọjọ́ kejì ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú sinimá 1993 ló ti bẹ̀rẹ̀, Maya Joshi, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ni wọ́n fi sílẹ̀ ní erékùṣù náà. James Bond ti IO náà, ọmọdé Bond tí ò tíì di 007 ni. Gbogbo wọn ń wá àyè tó ṣófo nínú ìtàn kí wọ́n kọ́lé síbẹ̀, ibi tí mo rò pé irú géèmù yìí ń lọ nìyẹn, ó sì wù mí kó máa lọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ trailer, ìyẹn fídíò tí wọ́n fi ń polówó géèmù, ò gùn. Tó bá jẹ́ orin àti ojú òṣèré nìkan ni wọ́n ń fi hàn yín, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Ẹ dúró de fídíò níbi tẹ́ ẹ ti máa rí ọwọ́ èèyàn tó ń gbá a, bó ṣe ń ṣubú, bó ṣe ń kú, bó ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn.

Ohùn ta ni?

Ó tó ká sọ èyí torí ó ti ń di ọ̀rọ̀ ńlá. Òṣèré sinimá àtijọ́ ti ń dàgbà, àwọn kan ti kú, báwo la ṣe máa gbọ́ ohùn wọn nínú géèmù tuntun? Nínú Great Circle, kì í ṣe Harrison Ford ló sọ̀rọ̀, Troy Baker ni, ó ṣe é débi pé ẹ ò ní rántí pé ẹlòmíì ni, Harrison Ford fúnra ẹ̀ sì yìn ín ní gbangba, ó ní kò pọn dandan kí wọ́n lo AI. Tony Todd náà wà níbẹ̀, òun ló ṣe òmìrán tó wá fọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Marshall College, ilé ẹ̀kọ́ tí Indy ti ń ṣe olùkọ́, ó kú ní November 2024, géèmù náà jáde lóṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ tẹ́tí sí ohùn ẹ̀ dáadáa tẹ́ ẹ bá débẹ̀.

Ní ìdàkejì, May 2025 ni wọ́n fi AI ṣe ohùn Darth Vader, ọ̀tá inú sinimá Star Wars, nínú Fortnite, géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, ohùn James Earl Jones tó ti kú ní 2024, àwọn ẹbí ẹ̀ fọwọ́ sí i, síbẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn òṣèré ní Amẹ́ríkà, SAG-AFTRA, fẹ̀sùn kan ilé iṣẹ́ tó ṣe é pé wọn ò bá àwọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ rọ́pò èèyàn. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ti daṣẹ́ sílẹ̀ lórí géèmù láti July 2024, nǹkan bí ọdún kan ni wọ́n fi jà, AI sì ni olórí ohun tí wọ́n ń jà sí. Èmi wà lẹ́yìn àwọn òṣèré. Kí ẹ tó rà, ẹ wo orúkọ àwọn tó fi ohùn ṣe é, tẹ́ ẹ bá rí orúkọ èèyàn tó pegedé níbẹ̀, ó jẹ́ ìdí kan sí i láti náwó.

Kọ̀ǹpútà àti dátà

Ẹ má rà á kẹ́ ẹ tó yẹ èyí wò. Great Circle ò ní ṣiṣẹ́ lórí gbogbo kọ̀ǹpútà, ó fẹ́ gíráfíìsì káàdì tó lè ṣe ray tracing (bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tàn bíi tòótọ́ nínú géèmù) fúnra ẹ̀, ó kéré tán RTX 2060 Super, tàbí RX 6600 tó bá jẹ́ AMD, RAM 16GB, àti àyè 120GB lórí SSD. Tí káàdì yín bá jẹ́ GTX, ìyẹn irú káàdì NVIDIA tí ò lè ṣe ray tracing fúnra ẹ̀, bó ti wù kó lágbára tó, kò ní gbà á. Ẹ tún wo iye dátà tẹ́ ẹ máa ná, torí pé bó ṣe máa gbàyè tó yẹn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló máa gbà wá, fún àwa tá a wà ní Nàìjíríà ìyẹn lè wọ́n ju bá a ṣe rò lọ. Ẹ ra dátà òru, ẹ jẹ́ kí Steam, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tá a ti ń ra géèmù kọ̀ǹpútà, máa dá a dúró kó máa bá a lọ, tí iná bá lọ kò ní padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ra èyí tó wà nínú àwo fún console, ìyẹn ẹ̀rọ géèmù bíi Xbox, ẹ má rò pé gbogbo ẹ̀ ló wà nínú àwo, ó ṣì máa dáńlóòdù rẹpẹtẹ.

Bí ẹ ṣe máa gbá Great Circle kó dùn

Ibí ni mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀, torí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbá a bí ẹni gbá géèmù ogun, wọ́n á yọ ìbọn, gbogbo ṣọ́jà á da bò wọ́n, wọ́n á ní géèmù náà ò dáa. Ìbọn ni kẹ́ ẹ lò gbẹ̀yìn. Ariwo ẹ̀ ń pe gbogbo àdúgbò, ọta ò sì pọ̀. Indy nínú sinimá kì í ṣe ṣọ́jà, olùkọ́ tó máa ń bọ́ sínú wàhálà ni, géèmù yìí sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ máa mú yín lọ sí Peru, bí Raiders ṣe bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ lò ó láti fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn àti bí wọ́n ṣe ń fi pàṣán fò. Lẹ́yìn Marshall College, Vatican ló kàn, ibẹ̀ sì lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú. Ẹ má kánjú níbẹ̀. Aṣọ fádà tẹ́ ẹ bá wọ̀ máa jẹ́ kẹ́ ẹ lè rìn káàkiri láìsí wàhálà, tó bá yá ẹ máa rí aṣọ dúdú àwọn ọmọ ogun Mussolini, ìyẹn máa ṣí àwọn ibi tí fádà ò lè dé. Àmọ́ àwọn ọ̀gá wọn lè dá yín mọ̀, nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí ọ̀gá kan, ẹ gba ọ̀nà míì.

Ẹ wá kámẹ́rà rà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ tó wà níbẹ̀, kíákíá sì ni o. Kámẹ́rà yìí kì í ṣe ohun eré, àwòrán tẹ́ ẹ bá yà ń fún yín ní póíǹtì, tẹ́ ẹ bá sì dúró síwájú àdììtú tí ò yé yín, ẹ ya á ní fọ́tò, á fún yín ní amọ̀ràn díẹ̀, ẹ tún yà á, á sọ sí i. Èyí dáa ju kéèyàn máa sáré lọ wo fídíò lórí YouTube lọ, torí ẹ̀yin náà lẹ ṣì máa tú u. Póíǹtì yẹn lẹ máa fi ṣí àwọn ìwé tẹ́ ẹ bá ń rí káàkiri, ìwé kọ̀ọ̀kan ń kọ́ Indy ní nǹkan tuntun. Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá ṣáájú ni ti àkẹtẹ̀, tí wọ́n bá lù yín ṣubú, tẹ́ ẹ bá lè rá dé ibi tí àkẹtẹ̀ yín já bọ́ sí kẹ́ ẹ sì gbé e, ẹ tún dìde nìyẹn. Ohun tó mú inú mi dùn níbẹ̀ ni pé gbogbo ẹni tó ti wo sinimá mọ̀ pé Indy kì í fi àkẹtẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n wá sọ ìyẹn di ohun tó ń gba ẹ̀mí là.

Tí ìjà bá dé, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá rí ni kẹ́ ẹ mú, ìgbálẹ̀, hámà, ìgò, kódà gìtá. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń kán, ẹ mú òmíràn. Pàṣán dáa fún gbígba ohun ìjà lọ́wọ́ èèyàn, tí ìbọn ẹ̀ bá ti bọ́, ẹ fà á mọ́ra kẹ́ ẹ fún un lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Ẹ máa jẹ búrẹ́dì àti èso tẹ́ ẹ bá rí kẹ́ ẹ tó wọ ibi tó le, búrẹ́dì wà fún ara, èso wà fún agbára. Tí ìjà bá le jù fún yín àmọ́ tí àdììtú ò le, tàbí tó jẹ́ òdìkejì, ẹ lọ sí settings, wọ́n ya bí ìjà ṣe le sọ́tọ̀ kúrò lára bí àdììtú ṣe le, ẹ lè dín ọ̀kan kù láìfọwọ́ kan ìkejì.

Nígbà tẹ́ ẹ bá dé Gizeh ní Íjíbítì, ibẹ̀ gbòòrò, ẹ máa wá ibùdó tẹ́ ẹ ti lè pààrọ̀ aṣọ. Sukhothai ní Thailand ni mo fẹ́ràn jù, omi ló kún ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi lẹ máa fi rìn. Kẹ́ ẹ tó kúrò níbi kọ̀ọ̀kan, ẹ rí i pé ẹ wo àwọn iṣẹ́ kéékèèké tó wà níbẹ̀, torí òmíràn nínú wọn dùn ju iṣẹ́ ńlá lọ. Àfikún The Order of Giants tó jáde ní September 2025, abẹ́ ilẹ̀ Róòmù ló ti ṣẹlẹ̀, àdììtú ló pọ̀ nínú ẹ̀, kò pọn dandan kẹ́ ẹ parí géèmù náà kẹ́ ẹ tó gbá a.

Ẹ̀yin tí kọ̀ǹpútà yín ò lágbára

Ẹ má jókòó máa wòran. Fate of Atlantis wà lórí Steam àti GOG, ọjà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì míì, kò wọ́n, kò tóbi, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí. Tó bá jẹ́ fóònù Android lẹ ní, ẹ dáńlóòdù ScummVM, áàpù tó ń jẹ́ kí géèmù àtijọ́ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tuntun, ọ̀fẹ́ ni, kẹ́ ẹ da fáìlì géèmù tẹ́ ẹ rà láti kọ̀ǹpútà sórí fóònù, kẹ́ ẹ ní kí ScummVM ṣí fódà yẹn. Ẹ bá Sophia rìn nígbà àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì máa pa yín lẹ́rìn-ín. Ẹ máa tọ́jú ibi tẹ́ ẹ dé déédéé torí Indy lè kú níbẹ̀ o.

Mo fẹ́ràn GOG fún irú èyí torí wọ́n ń jẹ́ kéèyàn tọ́jú fáìlì géèmù sọ́wọ́ ara ẹ̀. Géèmù tó dá lórí sinimá ní ìṣòro kan táwọn yòókù ò ní, tí àṣẹ bá ti tán, wọ́n lè yọ ọ́ kúrò lórí igbá. January 2013 ni wọ́n yọ àwọn géèmù James Bond ti Activision kúrò lórí Steam, bó ṣe di pé ẹni tí ò tíì rà á ò rí i rà mọ́ nìyẹn. GoldenEye tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, January 2023 ló tó padà sórí Switch àti Xbox, ọdún 25 lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ jáde, torí ọ̀rọ̀ àṣẹ láàárín àwọn tó ni ín. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí èyí tẹ́ ẹ fẹ́ràn tó wà lórí igbá lónìí, tó sì dínwó, ẹ rà á, ẹ tọ́jú fáìlì ẹ̀ sórí hard drive.

Èyí tí ò tíì jáde ńkọ́? Ẹ má sanwó sílẹ̀. Ó máa wù yín, wọ́n á ní àwọn máa fún yín láṣọ pàtàkì tàbí ohun ìjà kan, ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ jẹ́ kó jáde, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wo fídíò ẹni tó ń gbá a lórí irú kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ ní gan-an, kí ẹ wo bóyá wọ́n ti ṣàtúnṣe ohun tó bàjẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tó bá jẹ́ Jurassic Park: Survival, ohun tí mo máa kọ́kọ́ wò ni bóyá èèyàn lè yìnbọn pa T. rex. Tó bá lè pa á, mi ò ní rà á. Tó bá jẹ́ pé ṣe lèèyàn máa sá pamọ́ sábẹ́ tábìlì kó sé èémí ẹ̀ títí ẹranko yẹn fi máa kọjá lọ, ẹ pè mí, màá ra tèmi lọ́jọ́ náà.